Ìwé Ìbọn Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ọjọ́ Àìkú, 18 February 2018

Fọ́ọ̀mù mẹ́rin lónìí. Mẹ́rin! Ìsìn ò tíì tú dáadáa, mo ṣì wà nínú sùtánà, n ò tíì rí bàtà mi láàárín gbogbo bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn ti tò síwájú mi bí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́. "Mummy Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i." Páàsìpọ́ọ̀tù ọmọ tuntun méjì, ti ìyá àgbà kan tó fẹ́ lọ sílé, àti ti Leader Ìbítóyè, olórí ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wa, tó ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan lòun fẹ́ wọ̀, wọ́n sì ní kóun mú ẹni tó mọ òun dáadáa wá. Ó ti ṣí tirẹ̀ sí ojú ewé tó kàn mí. Gbogbo ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ló ti bá mi dáhùn, ó ní òun ò fẹ́ dà mí láàmú. Mo gbé e lé orí Bíbélì mi, mo kọ orúkọ, mo kọ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì mi, mo fọwọ́ sí i.

Michael tó jẹ́ ọkọ mi ń fọn fèrè mọ́tò níta. Ó ní ṣé ọ́fíìsì ìjọba ni mo ṣí sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní kó fara balẹ̀, pé nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ìjọba ní kó máa jẹ́rìí síni lórí fọ́ọ̀mù. Bí kì í bá ṣe èmi, mélòó nínú wọn ni ì bá rí páàsìpọ́ọ̀tù gbà ní Thamesmead ìlú London yìí?

A yà ra iṣu ní Woolwich. Pọ́n-ùn mẹ́fà ẹyọ kan, mo gé e délé, inú rẹ̀ ti dúdú. Olè ni wọ́n.


Ọjọ́rú, 21 February

Keziah ọmọ mi ò jẹun alẹ́. Ó dojú kọ fóònù, ó ń wo àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà tí ẹnì kan wọlé tọ̀ tó sì fi ìbọn pa ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lòun náà. Ó ní, "Mum, o mọ̀ pé níbẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe background check? Wọn kì í wádìí ẹni tí wọ́n ń ta ìbọn fún." Mo ní, "'O mọ̀' kẹ̀? Èmi ìyá rẹ ni 'o'?" Ó ní sorry. Ó tún sọ "o" lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún un.

Àwọn olóṣèlú wọn ń bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà fáwọn òbí. Èmi tí mo dàgbà sínú ìjọ Aládùúrà, mo mọ àdúrà. Ìyẹn kì í ṣe àdúrà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú ọ̀nà mọ́, á kọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀. Ó kó mi nírìíra débi pé mo ní kó pa á. Mo sọ fún un pé kó dúpẹ́ pé ìlú tí wọ́n ti ń wádìí èèyàn la wà.


Ọjọ́bọ̀, 1 March

Yìnyín bo Yarnton Way, kò sí bọ́ọ̀sì. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì méjì fún wọ́ọ̀dù tó yẹ kí márùn-ún wà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 March

Mi ò dúró di alẹ́ kí n tó kọ èyí.

Ọ̀gbẹ́ni kan pè mí ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, mò ń fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Òyìnbó, ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀ka tó ń fúnni níwèé ìbọn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lòun ti ń pè. Mo ní ó ṣi nọ́ńbà pè. Ó ní ṣé èmi kọ́ ni Mrs Christiana Adétòkunbọ̀, nọ́ọ̀sì? Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni mo fọwọ́ sí i fún Mr Ìbítóyè, tó fẹ́ gba àṣẹ láti ní ìbọn shotgun nílé.

Ìbọn! Ìbọn ni ẹgbẹ́ eré ìdárayá!

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi ni. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó?" Mo ní ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ǹjẹ́ ohunkóhun wà tẹ́ ẹ mọ̀, nílé rẹ̀ tàbí nínú ìwà rẹ̀, tó lè mú kó léwu bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo fún omi kúrò lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Hello?" Mo ní, "Rárá o. Olórí ni nínú ìjọ wa." Ó dúpẹ́ gan-an. Ó ní mo ran òun lọ́wọ́.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, ẹnu mi ti bo àṣírí. Ó ti mọ́ ọn lára. Ọdún 2016 ni Felicia, ìyàwó Ìbítóyè, wá sí kíṣìnnì mi yìí, ìpéǹpéjú ẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí. Ó ní òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ilé wọn ò ní àtẹ̀gùn! Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Harrow Manorway níbẹ̀. Mo fọ ojú náà, mo fi plásítà tẹ́ẹ́rẹ́ mú un pọ̀, mo po tíì fún un. Ó ní, "Mummy, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́." Mo ní ta ni màá sọ fún. Inú mi dùn nígbà yẹn pé èèyàn lè fọkàn tán mi. Ìgbà méjì ló tún wá lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ti fọ aṣọ iṣẹ́ yẹn tán. Mo tún un fọ̀. Ara mi ń rí mi lára.


Ọjọ́ Ajé, 12 March

Keziah àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ jáde nílé-ìwé lọ́jọ́ Wednesday, kí wọ́n bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ìwọ́de pọ̀. Mo bi í pé kí ló kan ọmọ Abbey Wood nínú ìbọn Amẹ́ríkà. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Jìmí, Mum." Mo gbà. Jìmí ni ọmọ kíláàsì wọn tí wọ́n gún lọ́bẹ nídìí bọ́ọ̀sì ní January. Ó yè é, àmọ́ kò lè fi ọwọ́ òsì gbé ife mọ́.

Ó tẹ́ páálí sórí tábìlì, ó ní kí olúkúlùkù wọn fi èdè ilé wọn kọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ní, "Bá mi kọ ọ́, mi ò mọ ibi tí àmì máa ń wà." Mo ní kí ni kí n kọ. Ó ní, "Ta ló fọwọ́ sí i?" Ó ní ohun tí àwọn ń bèèrè nìyẹn, pé kò sí ìbọn tó ń rin ìrìn ara ẹ̀ wọ ilé, ẹnì kan ló máa ń fọwọ́ sí i níbì kan.

Èmi náà mú kálàmù. Mo kọ ọ́ fún un gàdàgbà-gàdàgbà. Ó ní ó rẹwà.


Ọjọ́rú, 14 March

Wọ́n jáde. Ó tó ọgọ́ta wọn, wọ́n rìn dé Royal Arsenal, ibi tí ìjọba ti ń rọ ìbọn nígbà kan ní Woolwich, wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọn àgbá àtijọ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ síwájú fúláàtì olówó ńláńlá. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó kú ní Amẹ́ríkà, wọn ò sọ̀rọ̀. Michael tó ń wa bọ́ọ̀sì rí wọn bó ṣe ń kọjá. Ó ní òun rí páálí Keziah, orí òun wú, òun sì tún bínú.

Ilé-ìwé pè mí kí ọjọ́ tó rọ̀. Mo lọ ti èmi ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọ̀gá àgbà wọn ní, "A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n jáde láìgbàṣẹ, wọ́n sì tú táì lọ́rùn níta gbangba." Táì! Wọ́n gún ọmọ lọ́bẹ, ìpàdé àárọ̀ kan ni wọ́n ṣe lórí ẹ̀. Táì kúrò lọ́rùn, ó di kí ọmọ jókòó ọjọ́ méjì sílé. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti lọ kí Jìmí?" Ó wo ìwé iwájú rẹ̀. Ṣíọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Keziah ní, "Thank you, Mum." Ó gbé orí lé èjìká mi, ohun tí kò ṣe láti ọdún mélòó kan. Ì bá dára ká ní kò gbé e lé e.


Ọjọ́ Àìkú, 18 March

Yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀, òtútù inú ṣọ́ọ̀ṣì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sínú egungun. Lẹ́yìn ìsìn, mò ń pín ẹ̀pà bíbọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdúpẹ́. Ó kan Felicia, ó na ọwọ́ òsì. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ kọ́ nílé ire, tí kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé! Ó ní, "Ẹ má bínú, Mummy, ẹ má bínú." Apá ọ̀tún wà nínú sùtánà, kò yọ ọ́. Mo mú un lápá bí ẹni ń ṣeré. Ọrùn ọwọ́ ti wú, ó gbóná. Ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo wá Ìbítóyè lọ síbi tí wọ́n ń kó àga jọ. Mo ní, "Leader, ìbọn lẹ ní kí n fọwọ́ sí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy Nọ́ọ̀sì! Ìbọn tá a fi ń fọ́ àwo amọ̀ tí wọ́n bá jù sókè ni o. Àwọn ọ̀gá òyìnbó ibi iṣẹ́ mi ló ń lọ ṣe é ní Kent, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ẹni tí wọ́n máa fi jẹ ọ̀gá. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí tiwa náà gòkè ni?" Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dá àwọn ọlọ́pàá lóhùn dáadáa. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀rí tí mo jẹ́ dára.

Ó mọ́ tónítóní. Sùtánà ẹ̀ funfun ju ti gbogbo wa lọ. Felicia ló ń fọ̀ ọ́.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 March

Mo sọ fún Michael. Gbogbo ẹ̀ pátá, láti orí plásítà 2016.

Ó fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn náà ó ní, "A kì í dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, Christie. Tí wọ́n bá parí ìjà wọn, ìwọ ni wọ́n máa jọ bínú sí." Mo ní, "Tí kò bá parí ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ìbọn ló máa parí ẹ̀?" Ó ní ṣe ni kí n bá Apostle, olórí ìjọ wa, sọ̀rọ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tóbi tó, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Mo ní Apostle mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà ẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà mọ̀." Gbogbo wa la mọ̀, a sì ń jọ kọrin.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni Keziah ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. N ò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo fọwọ́ sí i?" Kò pariwo. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní, "O bá mi kọ ọ́ sórí páálí. Ọwọ́ kan náà." Ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó gbá a, ì bá sàn fún mi.


Ọjọ́ Ẹtì, 23 March

Keziah ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń fọ abọ́, ó ń kí bàbá ẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 March

Mo lọ dúró de Felicia lẹ́nu ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣe ìmọ́tótó. A rìn pọ̀ lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Ó ń rìn kíákíá, ó ń wẹ̀yìn.

Mo ní màá pe ọlọ́pàá padà, màá ní mi ò jẹ́rìí sí i mọ́. Ó dúró gbọnin. Ó ní, "Mummy, ẹ má ṣe é nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan ló fọwọ́ sí ìwé yẹn. Tí wọ́n bá kọ̀ fún un, ó máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ó máa mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún yín. Ara ta ló máa fi san án?" Ó ní físà òun so mọ́ ti ọkọ òun títí di October, ó sì ti sọ fún òun pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa kọ, wọ́n á dá òun padà sílé.

Mo ní ṣé ó ti ń fi ìbọn yẹn halẹ̀ mọ́ ọn ni. Ó ní rárá o, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ rí. Àmọ́ ó ti ra àpótí irin tí wọ́n máa ń tì í mọ́. Ó ti kàn án mọ́ ògiri yàrá wọn, lápá ibi tí Felicia máa ń gbórí lé. Òfìfo ni. Lálaalẹ́, kó tó sùn, á ṣí i, á wo inú ẹ̀, á tún tì í.

Mo ti tọ́jú aláìsàn fún ọdún méjìlélógún. Mo ti rí ọgbẹ́ tó ń rà, mo ti rí òkú. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó àpótí òfìfo yẹn. Bọ́ọ̀sì dé, ó wọlé, kò wò mí mọ́.


Ọjọ́rú, 28 March

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbogbo ìkómọ, wọ́n ń nawọ́ sí mi. Àgbà wo?

Mo bá obìnrin tó ń rí sí ọ̀ràn báyìí níbi iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀, mi ò dárúkọ. Ó ní ìlànà wà. Obìnrin tí ọkọ ń lù, tí físà ẹ̀ so mọ́ ọkọ, ó lè kọ̀wé fúnra ẹ̀ kó sì dúró síbí, wọn ò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn dá a padà. Ó ti wà láti ọdún pípẹ́. Felicia ò mọ̀. Èmi tí mò ń ka ìwé òyìnbó fún gbogbo ìjọ, mi ò bèèrè rí. Ó fún mi ní nọ́ńbà ilé ààbò kan. Ó ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ kúrò nílé kẹ́nikẹ́ni tó pe ọlọ́pàá, torí ọjọ́ tí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ lọjọ́ tó léwu jù.

Mo tún dúró dè é lẹ́nu ibi iṣẹ́ ẹ̀. Mo sọ fún un, mo fi nọ́ńbà náà sínú bébà tí wọ́n fi di tòmátì. Kò dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.


Ọjọ́ Ẹtì Rere, 30 March

A ṣe ìsìn wákàtí mẹ́ta. Ìbítóyè ló ka ọ̀rọ̀ kẹrin nínú ọ̀rọ̀ méje orí àgbélébùú, "Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" Àwọn èèyàn sunkún. Èmi ń wo ẹnu ẹ̀.

Ní agogo mẹ́rin Felicia fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Mummy, inú ń run mí, mi ò ní lè lọ Gálílì." Ó tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó yé mi pé lọ́jọ́ Monday, tí ọkọ ẹ̀ bá bá ìjọ lọ sétí òkun, òun nìkan ló máa wà nílé.


Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 2 April

Òjò láti àárọ̀. Ọjọ́ Gálílì, gbogbo ìjọ wọ bọ́ọ̀sì ńlá méjì lọ sétí òkun ní Margate, bí a ṣe ń lọ lọ́dọọdún. Ìbítóyè ni alága ètò, òun ló ń pe orúkọ, òun ló ń pín ìrẹsì. Bí kò bá sí níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ò lè gbéra. Mo sọ fún wọn pé wọ́n pè mí síbi iṣẹ́. Michael lọ. Mo ní kó pè mí bí wọ́n bá ń padà, kò bi mí pé kí ló dé.

Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo ń wọ kóòtù, Keziah yọ sí mi. Ó ti wọ bàtà. Ó ní, "Mo ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ." Ọjọ́ mẹ́tàlá tí kò bá mi sọ̀rọ̀.

Felicia ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Báàgì kan, àpò ike méjì. Ó ti gbálẹ̀, ó ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo rí ọbẹ̀ yẹn lórí sítóòfù, ó ṣe mí bíi kí n dà á sí kòtò omi. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọkọ òun sọ pé òun fi ebi sílẹ̀ fún un. Mo ya fọ́tò ọrùn ọwọ́ ẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ẹ̀, mo ya ti àpótí irin náà. Keziah dúró lẹ́nu yàrá, ó wo àpótí yẹn lára ògiri, ó wo ìrọ̀rí, ó wá gbé báàgì.

A rìn gba Harrow Manorway lábẹ́ òjò lọ sí stéṣọ̀n Abbey Wood. Obìnrin kan láti ilé ààbò náà máa pàdé ẹ̀ ní London Bridge, kò sẹ́ni tó sọ ìlú tí wọ́n ń lọ fún mi. Felicia kúnlẹ̀ fún mi lórí pèpéle. Mo fà á dìde. Mo ní, "Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́ láyé ẹ." Reluwé gbé e lọ.

Agogo mẹ́fà ni Michael pè. Ó ní, "A ti ń bọ̀ o. Leader ń kọrin níwájú." Ó tún ní, "Ṣé ó ti ṣe tán?" Mo ní ó ti ṣe tán.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 April

Mo pè wọ́n ní agogo mẹ́sàn-án gééré. Ọ̀gbẹ́ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ni. Keziah jókòó tì mí, mo ní kó má lọ.

Mo ní mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, "Nígbà wo lẹ kọ́kọ́ rí ojú ọgbẹ́?" Mo ní 2016. Ó ní, "Ẹ sì fọwọ́ sí i ní February?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mo sì pè yín ní March, mo bi yín?" Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣé mo ka fọ́ọ̀mù náà kí n tó fọwọ́ sí i. Mo ní rárá. Ó ní, "Kí ló dé?"

Kí ni mo fẹ́ sọ fún òyìnbó? Pé ó ti ṣí i sí ojú ewé fún mi? Pé ó jẹ́ Leader, pé ojú ń tini láti máa ka ìwé lójú ẹni tó bẹ̀ ọ́, bí ẹni tó pè é lólè? Mo ní, "Nítorí pé wọ́n pè mí ní Mummy Nọ́ọ̀sì." Kò yé e. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yí ẹ̀rí mi padà, ó ní ẹ̀ka mìíràn lè pè mí nípa ìyẹn. Kí wọ́n pè.

Keziah po tíì fún mi. Ó fi ṣúgà kún un jù. Mo mu ún tán.


Ọjọ́ Àìkú, 8 April

Wọn ò fún un níwèé ìbọn. Ọlọ́pàá méjì lọ bá a nílé lọ́jọ́ Thursday, gbogbo ìjọ ti gbọ́.

Kò sẹ́ni tó jókòó sí ìlà mi. Apostle wàásù lórí ahọ́n, bó ṣe jẹ́ iná tó ń jó igbó. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ahọ́n! Lórí ìkúùkù kò rí ẹsẹ Bíbélì kankan. Ìyá àgbà tí mo fọwọ́ sí páàsìpọ́ọ̀tù ẹ̀ ní February wá bá mi, ó ní, "Christiana, o ti fọ́ ilé onílé. Àwa tá a gba tiwa mọ́ra, ṣé orí wa ò pé ni?" Mo wo ojú ẹ̀. Mo rí i pé ó ti gba tiẹ̀ mọ́ra lóòótọ́, inú kàn ń bí i pé ẹnì kan ò gbà á.

Ìbítóyè dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi dà?" Mo ní mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni. Ó sún mọ́ mi sí i, ó tún bi mí. Michael tó ní a kì í dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, òun ló bọ́ sáàárín wa, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà. Ó ní, "Leader, ó tó." Àwọn tó kù ń wá bàtà wọn.


Ọjọ́ Àìkú, 15 April

A ò lọ.


Ọjọ́ Àìkú, 22 April

Oòrùn tó mú bí ti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ti ọ̀nà Woolwich pa nítorí eré ìje, Michael kò rí bọ́ọ̀sì ẹ̀ wà dé ibì kankan, ó ń bú àwọn tó ń sáré.

Fóònù dún ní agogo mẹ́ta, kò gbé nọ́ńbà. Felicia ni. Ohùn ẹ̀ balẹ̀. Ó ní ibi tóun wà dára, ọwọ́ òun ti ń sàn, wọ́n ti bá òun kọ ìwé físà, lọ́yà sọ pé fọ́tò yẹn wúlò. Mo ń sọ pé "Ọpẹ́ ni," mo ń sọ pé "Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Mo ní kó dárí jì mí, pé mi ò mọ̀ pé ìwé ìbọn ni.

Ó ní, "Mummy, kì í ṣe ìbínú ni mo fi ń sọ ọ́ o. Apostle ló fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù yẹn fún. Èmi ni mo ní kó gbé e wá bá yín. Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ wá jù."

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Torí ẹ̀yin lẹ rí ojú mi. Èmi ò lè sọ pé rárá fún un. Mo rò pé ẹ máa kà á, ẹ máa bá mi sọ pé rárá, kò sì ní mọ̀ pé mo lọ́wọ́ sí i. Mo jókòó sẹ́yìn yín lọ́jọ́ yẹn. Mò ń wo ọwọ́ yín."

Kò sunkún. Ó ní kí n bá òun kí Keziah, ó gé fóònù.

Agogo márùn-ún ti lù. Mo jókòó síbi tí mo wà láti ìgbà yẹn. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀, mi ò fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní ojú, mo ní ìwé níwájú mi, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sì tó mi kà á. Mo kọ ọ́ síbí lónìí, kí n má bàa rí ọ̀nà tún un sọ lọ́la bíi pé mi ò jẹ̀bi.